Ẹ̀rọ tí ó Tilẹ̀kùn mọ́ Onílé

Ọ̀rẹ́ mi kan ń kọ àpilẹ̀kọ oyè rẹ̀ lórí ẹkún ìyàwó. Wákàtí 19 ni ohùn àwọn ìyá àgbà tí ó gbà sílẹ̀ ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Inú ẹ̀rọ kan tí ó yá ni ó kó gbogbo rẹ̀ sí, kò sì ní ẹ̀dà níbòmíràn. Méjì nínú àwọn ìyá náà ti papò dà. Ẹ̀rọ yìí ni ó ṣàdédé tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Kì í ṣe ẹ̀rọ tí a lè fọwọ́ kàn o. Ẹ̀rọ inú ẹ̀rọ ni: kọ̀ǹpútà ńlá kan wà ní òkèèrè, a pín agbára rẹ̀ sí yàrá yàrá, olúkúlùkù ayálégbé sì ń lo tirẹ̀ bí ẹni pé òun nìkan ni ó ni ín. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọ̀rẹ́ mi ń gbà wọlé ni SSH, èyí tí Tatu Ylönen, ọmọ ilẹ̀ Finland, ṣe ní 1995. Ẹnu-ọ̀nà 22 ni ó ń lò, láàárín 21 tí í ṣe ti FTP àti 23 tí í ṣe ti telnet.

Ẹnìkan ni ó gba ọ̀rẹ́ mi níyànjú pé kí ó fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu-ọ̀nà. Ó tẹ ufw enable. Bí a kò bá tíì sọ ẹni tí ẹ̀ṣọ́ yìí yóò gbà láyè, gbogbo ẹni tí ó bá kanlẹ̀kùn ni yóò lé padà, onílé pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ó tilẹ̀ kìlọ̀ pé àṣẹ náà lè dí SSH lọ́wọ́, ó ní ṣé kí òun máa bá a lọ? Ọ̀rẹ́ mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni í ka ìkìlọ̀ ní agogo kan òru? Ẹni tí ó sì ti wà nínú ilé kì í tètè mọ̀, nítorí ẹ̀ṣọ́ náà kì í já ìsọ̀rọ̀ tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ó jáde, tí ó sùn, tí ó jí, ni ilẹ̀kùn tó kọ̀ fún un.

Àwọn ará yàrá rẹ̀ ní kí ó pa ẹ̀rọ náà rẹ́, kí ó yá òmíràn. Inú bí mi. Ọ̀tọ̀ ni kí a dá ẹ̀rọ dúró, ọ̀tọ̀ ni kí a pa á rẹ́. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ayánilẹ́rọ, bí a bá pa á rẹ́, dísìkì tí ó fi ń jí yóò bá a lọ.

Ẹ̀ṣọ́ kì í ṣọ́nà nígbà tí ẹ̀rọ bá sùn. A dá a dúró. A kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà dísìkì rẹ̀, nítorí ohùn òkú kì í ṣe ohun tí a tún lè lọ gbà. A wá yọ dísìkì náà, a yá ẹ̀rọ kékeré kejì, a sì so ó mọ́ ọn bí ẹrù lásán. Orí dísìkì náà ni a ti ṣí fáìlì /etc/ufw/ufw.conf. Mo ní orí dísìkì náà, nítorí ẹ̀rọ kejì lè ní fáìlì tirẹ̀ tí ń jẹ́ orúkọ kan náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ṣiṣẹ́ àṣedànù níbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni a yí padà: ENABLED=yes di ENABLED=no. A kò pa ẹ̀rọ kejì tàn nígbà tí dísìkì wà lára rẹ̀, kí ó má baà ṣèèṣì fi dísìkì àlejò jí. Lẹ́yìn náà ni a dá a padà sí ipò tí a ti yọ ọ́ gan-an.

Ẹ̀rọ jí, ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀rẹ́ mi ṣì fẹ́ ẹ̀ṣọ́, mo sì gbà, ṣùgbọ́n ufw allow 22/tcp ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kò sì jáde títí ó fi gba ojú fèrèsé mìíràn wọlé wò. Ẹ̀dà wákàtí 19 náà ti wà nínú àpótí mi ní yàrá báyìí.