Ọmọ Tí Mo Pè Ní Ọ̀lẹ

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi gbọ́ ẹjọ́ ara mi. Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi a máa gbórí lé tábìlì lásìkò ìṣirò. A ní apá kan orí ń lu òun bí ìlù, pé ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú. Èmi tí mo gbàwé ẹ̀rí olùkọ́, mo ní ọ̀lẹ ni; mo ní kó lọ kúnlẹ̀ nínú oòrùn. Ibẹ̀ ló ti bì.

Lẹ́yìn náà ni mo kà nípa túúlu. Iṣan ìmọ̀lára kan ti ojú àti iwájú orí wọ inú agbárí. Bí túúlu bá dé, iṣan yìí a tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní CGRP sára òpó ẹ̀jẹ̀ inú awọ tó bo ọpọlọ. Òpó náà a fẹ̀, iṣan a sì máa ké ìrora ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ní 2018, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn tí ń dènà èròjà yìí. Ọ̀lẹ dà níbẹ̀?

Mo lọ bẹ ìyá rẹ̀ nílé. Ọmọ náà kò wojú mi. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè máa jókòó níbi tí oòrùn kì í dé?”