Àpótí Tí A Fi Ń Dá Ẹ̀ṣọ́ Lóhùn

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ lọ sí ibùdókọ̀ Kétu, kí ẹ bẹ awakọ̀ kan kí ó ṣí àpótí First Aid rẹ̀ fún yín. Kò ní yà mí lẹ́nu bí ẹ bá rí obì, rìsíìtì àti ṣẹ́ńjì níbẹ̀.

Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága wọn àkọ́kọ́, máa ń bèèrè àpótí náà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Awakọ̀ gbà pé bí òun bá ti nà án síta, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ta ni yóò ṣí i wò? Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a ṣe nítorí ẹ̀mí ṣe di ohun tí a fi ń sá fún owó ìtanràn.

Ní ọjọ́ kan ní Mile 12, wọ́n ń já tòmátò tó ti Òkè Ọya dé, ni irin ara ọkọ̀ bá ya ọ̀kan nínú àwọn alábàárù lápá. Ẹ̀jẹ̀ ń dà ṣùúrùṣù. Awakọ̀ sáré gbé àpótí wá: òwú tó ti pọ́n, àti ìgò áyódínì òfìfo! Ẹnì kan ní kí wọ́n bu bẹntiróòlù sí i. Ìyá aláta kan ló yọ gèlè tó mọ́ nínú báàgì, ó ká a, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ náà gidigidi. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rin ín, kò ṣí i. Aṣọ mìíràn ló gbé lé e. Ọmọ náà yè. Mo bi ìyá náà pé níbo ló ti kọ́ ọ.

“Àbúrò mi, Girl Guides ni wọ́n ti kọ́ wa, nígbà tí mo wà níléèwé.”

Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ojota kò mọ òfin. Kí ènìyàn tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọwọ́ wa àti àpótí wa nìkan ló kù.

Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò pọ̀: ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn má baà kàn yín, gọ́ọ̀sì tí a kò tíì já ọ̀rá rẹ̀, báńdéèjì, púlásítà, sáàsì àti tọ́ọ̀ṣì. Òwú kò yẹ ojú ọgbẹ́, ó ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kọ 112 àti 767, nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, sára ìdérí rẹ̀. Ti ilé, ẹ fi ORS kún un fún ọmọ tó bá ń ṣu gbuuru. Ẹ má fi oògùn sínú mọ́tò, ooru a máa bà á jẹ́.

Bí iná bá jó ọmọ ní kíṣìnnì, omi tútù tó ń ṣàn ni, fún 20 ìṣẹ́jú. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ẹyin. Ẹni tó bá sì dákú, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí tiyín wò lálẹ́ òní, kí ẹ kó obì kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ lè má ṣí i, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ yóò ní kí ẹ ṣí i.