Ẹ̀yìn Ológbò Kì í Balẹ̀

Nínú gbogbo àdúrà tí Yorùbá fi ẹranko ṣe, ọ̀kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu tọmọdé tàgbà: ẹ̀yìn ológbò kì í balẹ̀. Ẹni tí ń ja gídígbò a máa sọ ọ́ kí ó tó wọ agbo. Ìyá a máa sọ ọ́ sí orí ọmọ rẹ̀ tí ń lọ sí ìrìn àjò. Oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ a máa sọ ọ́ fún ara rẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ó tó ṣí ìsọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro: bí ó ti wù kí ológbò já bọ́ tó, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò fi kan ilẹ̀; bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìṣubú kò ní jẹ́ òpin fún ẹni tí a ń ṣàdúrà fún. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì ń tuni lára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti bá ológbò gbé inú ilé kan náà pẹ́ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì kù nílẹ̀. Ẹ̀yìn nìkan ni àwọn àgbà dárúkọ. Wọn kò dárúkọ ìkòkò ọbẹ̀, wọn kò dárúkọ àtùpà, wọn kò sì dárúkọ kànga.

Ìwó Olódò Ọbà ni mo ń gbé. Odídẹrẹ́ ni ayé mọ̀ mọ́ ìlú wa. Orúkọ ẹyẹ náà kì í jìnnà sí orúkọ Ìwó nínú oríkì. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wọ agboolé wa lónìí, yóò pẹ́ kí ó tó rí odídẹrẹ́. Ológbò ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Èyí kò sì yani lẹ́nu. Ẹni tí ó ń ta àgbàdo àti ẹ̀wà ní ọjà Odò-Orí mọ ohun tí èkúté lè fi àpò kan ṣe láàárín òru kan, àwọn baba wa sì ti sọ ọ́ pé bí ológìnní bá lọ sí àjò, ilé a di ilé èkúté.

Ìdí mìíràn tún wà. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fìdí múlẹ̀ ní Ìwó tipẹ́tipẹ́, àwọn ààfáà wa a sì máa kọ́ wa pé ológbò kì í ṣe ẹranko ẹlẹ́gbin. Wọn a máa sọ ìtàn Abu Qatada, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànábì Muhammad, ẹni tí ó rọra tẹ abọ́ omi àlùwàlá rẹ̀ sílẹ̀ kí ológbò lè mu nínú rẹ̀. Nígbà tí ó ya obìnrin tí ń wò ó lẹ́nu, ó ṣàlàyé pé Ànábì ti wí pé ológbò wà lára àwọn tí ń rìn yí wa ká nínú ilé. Wọn a tún máa sọ ti obìnrin tí ó ti ológbò mọ́lé, tí kò fún un ní oúnjẹ títí ó fi kú, tí obìnrin náà sì tipa bẹ́ẹ̀ di ẹni iná. Nítorí náà, àwọn tí ń bẹ̀rù ológbò dúdú pàápàá, tí wọ́n ń fi àjẹ́ pè é, wọn a máa ronú lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó sọ òkò lù ú.

Músù ni àwọn ọmọ ń pe èyí tí ó wà lọ́dọ̀ wa. Abo ni, ó funfun, àfi ìrù rẹ̀ tí ó dúdú. Bí ẹ bá rí i lọ́sàn-án tí ó ká jọ sórí ẹní, ẹ ó sọ pé kò sí ẹranko tí ó ní sùúrù tó o. Òru ni ìwà rẹ̀ ń hàn. Ọmọnílé kan ṣoṣo lára ògiri tó láti mú un gun aṣọ fèrèsé dé òkè. Aṣọ yóò fàya, igi tí a fi kọ́ ọ yóò yọ, òun àti igi àti aṣọ yóò sì jọ já bọ́ gbì! Ọmọnílé yóò ti lọ ní tirẹ̀.

Ní oṣù ààwẹ̀ ọdún kan, ó ki orí bọ inú agolo mílíìkì tí a ti lò tán, agolo sì há a lọ́rùn. Ó ń fi ẹ̀yìn rìn káàkiri ilé ní òru, agolo ń dún kọ́-kọ́-kọ́ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì àti mọ́ ìlẹ̀kùn, ìyá àgbà ilé kejì sì dìde tí ó ń dáná, ó rò pé àwọn ajísààrì ti dé. Ní ọjọ́ mìíràn, níbi tí ó ti ń lé èkúté nínú àjà, pákó kan tí omi òjò ti sọ di ẹlẹgẹ́ já lábẹ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sí àárín àwo àmàlà àlejò wa tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Àlejò fò dìde. Ológbò gbọn ara rẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé àwa ni a gbé àwo sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò balẹ̀. Ọbẹ̀ ni ó balẹ̀.

Ti àtùpà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní alẹ́ kan tí kò sí iná mànàmáná, ó fò gba etí fèrèsé, ó sì fi ìrù gbá àtùpà elépo kẹrosíìnì lulẹ̀. Gíláàsì fọ́, iná sì gbá ẹní mú. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó mi tí ó sáré fi àpò tútù bò ó. Nígbà tí a máa wá ológbò kàn, ó ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń wo gbogbo wa.

Ohun tí àwọn àgbà wa fi ojú lásán rí, àwọn onímọ̀ ti fi ẹ̀rọ wò ó. Ní ọdún 1894, ará Faransé kan, Étienne-Jules Marey, fi ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán púpọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ya ológbò tí a dojú ẹ̀yìn rẹ̀ kọlẹ̀ tí a sì jù sílẹ̀. Àwòrán náà fi hàn pé ológbò kò fi ara ti ohunkóhun kí ó tó yí padà. Àárín ara rẹ̀ ni ó ń ká, yóò kọ́kọ́ yí apá iwájú, yóò sì wá yí apá ẹ̀yìn tẹ̀ lé e. Inú etí rẹ̀ ni ó ti ń mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀ púpọ̀ ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ológbò kò mọ ọgbọ́n yìí láti ọjọ́ tí a ti bí i. Ó di bí ọ̀sẹ̀ kẹta kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú rẹ̀, ó sì di bí ọ̀sẹ̀ keje kí ó tó dá a mọ̀ dáadáa. Kí ó tó tó àkókò náà, ẹ̀yìn ọmọ ológbò ń balẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀mí mẹ́sàn-án ni ológbò ní. Lárúbáwá àti ará Sípéènì ní méje ni. Ní ọdún 1987, àwọn oníṣègùn ẹranko méjì ní New York, Whitney àti Mehlhaff, tẹ ìròyìn jáde lórí ológbò 132 tí wọ́n já bọ́ láti orí ilé gíga tí wọ́n sì gbé wá sí ilé ìwòsàn. Nínú mẹ́wàá, bí mẹ́sàn-án ni ó yè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ èyí, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rò ó wò. Ológbò tí ó kú lójú ẹsẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ta ni yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn? Àwọn tí ẹ̀mí ṣì wà nínú wọn ni a kà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó yè pàápàá ni ó fi àyà, àgbọ̀n tàbí ẹsẹ̀ pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tiwa rí. Àwọn ológbò tí ó padà wálé ni wọ́n ń jẹ́rìí sí i. Èyí tí kò padà kò sí níbẹ̀ láti sọ tirẹ̀.

Músù bí ọmọ mẹ́rin. Akọ kan wà láàárín wọn tí ó láyà ju ìyá rẹ̀ lọ, ọmọkùnrin kan nínú agboolé, ẹni ọdún méje, sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Kànga àjùmọ̀lò wà ní àárín agboolé náà, etí rẹ̀ kò ga, páànù tí a fi òkúta tẹ̀ sì ni ìdérí rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí omi bá wọ́n, ẹni tí ń pọn omi máa ń pọ̀, páànù náà kì í sì í pẹ́ lórí kànga. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ ológbò náà lé alángbá gba etí kànga, ó sì bọ́ sínú rẹ̀. A gbọ́ igbe rẹ̀. Bàbá kan nínú wa sọ pé kò séwu, pé ẹ̀yìn ológbò kì í balẹ̀. Òótọ́ ni. Inú omi kò ní ilẹ̀ tí ẹ̀yìn tàbí ẹsẹ̀ lè kàn.

Bí a ti ń wá okùn tí ó gùn tó, ọmọ ọdún méje náà ti dojú bolẹ̀ sí etí kànga, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó ń pe ológbò rẹ̀, àyà rẹ̀ sì ti kọjá etí kànga. Ìyá rẹ̀ ni ó fa ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn. Obìnrin náà kò pariwo, kò na ọmọ. Ó gbé e mọ́ àyà, ó wọlé, a kò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí korobá fi gbé ọmọ ológbò jáde, ó ti kú. A fa omi kànga náà títí a fi kan ẹrẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tún mu nínú rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, gbogbo ilé dá owó jọ, wẹ́dà sì ṣe ìdérí onírin tí ó ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn kan ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé owó irin wọ́n jù. Kò sí ẹni tí ó tún sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi kò bá àwọn àgbà jà lórí àdúrà wọn. Oníjàkadì tí ń sọ pé ẹ̀yìn ológbò kì í balẹ̀ ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ bí a ti ń dúró kí ó tó sọ ọ́. Ológbò fúnra rẹ̀ kọ́ tirẹ̀. Àwa ni a fẹ́ fi àdúrà náà rọ́pò ìdérí. Ọlọ́kadà tí kò dé akoto ń sọ ọ́, bíríkìlà tí ó gun àkàbà jíjẹrà ń sọ ọ́, ẹni tí ó gbẹ́ kànga sílẹ̀ láìbò ó ń ṣe àmín sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ológbò nílé, ẹ má ṣe bá a bínú nítorí pé ó ń fò. Kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa ni a mọ̀ pé kànga wà níbẹ̀. Ẹ gbé àtùpà kúrò létí fèrèsé, ẹ bo ọbẹ̀, ẹ pààrọ̀ pákó àjà tí ó ti rà, ẹ sì ti kànga pa. Lẹ́yìn èyí ni kí a wá gbé ọwọ́ àdúrà sókè.