Kó Tàn, Àmọ́ Kó Fẹ́ Ná

Bí ọmọdé bá sọ fún àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pé fáànù oníná lòun fẹ́ sínú kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi í rín. Wọ́n á ní ẹni tí kò lówó RAM ló ń wá ọ̀ṣọ́. Èmi kò sí lẹ́yìn wọn. Ṣé olówó nìkan ni ohun tó dùn-ún wò tọ́ sí ni? Ẹni tó kọ́ yàrá kan ṣoṣo náà máa ń kùn ún lọ́dà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Kano ló jẹ́ kí n ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Fídíò ìgbéyàwó ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ kí kọ̀ǹpútà tí a jọ ń tò máa tàn lójú àwọn oníbàárà. "Àǹtí, ẹ ò rí i ni? Ẹni tó bá wọlé á ti gbà pé mo mọṣẹ́ kí n tó la ẹnu." Kò parọ́. Ṣùgbọ́n owó ọwọ́ wa kò lè ra fáànù oníná mẹ́ta àti RAM kejì pọ̀. Iná kọ́ ni mo wá bá a jà lé lórí. Ibi tí atẹ́gùn máa gbà wọlé ni.

Fáànù kì í sọ nǹkan di tútù. Ooru ló ń lé jáde, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló sì ń lò. Ní oṣù kẹrin, ooru Kano máa ń súnmọ́ 40 lórí ìwọ̀n Celsius, ìgbà mìíràn á kọjá bẹ́ẹ̀. Kò sí fáànù tó lè mú inú kọ̀ǹpútà tutù ju yàrá tí a gbé e sí lọ. Bí prósẹ́sọ̀ bá sì gbóná dé nǹkan bí 100, ọ̀pọ̀ nínú wọn á dín eré kù fúnra wọn kí wọ́n má bàa jóná. Fídíò tí oníbàárà ń dúró dè á wá máa wọ́ bí ìgbín.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ kéèsì àkọ́kọ́ tó mú wá. Dígí ni gbogbo iwájú rẹ̀, fáànù mẹ́ta ń tàn lẹ́yìn dígí bíi ti ilé ijó, ihò tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sì ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ẹni tí a fún nímú, tí a tún ní kó máa sáré! Irin oníhò wẹ́wẹ́ ló wà níwájú èyí tí a rà. Kò rẹwà tó ti àkọ́kọ́. A fi fáànù oníná méjì, oní-120 mílímítà, síwájú kí wọ́n máa fa atẹ́gùn wọlé, a sì fi ọ̀kan tí kò níná sẹ́yìn kó máa lé e jáde. Owó tí a rí yọ níbẹ̀ ló kún owó RAM.

Ojú fáànù tó ṣí sílẹ̀ ló ń fa atẹ́gùn. Ẹ̀yìn tí àwọn ọ̀pá tó di mọ́tò mú wà ló ń tú u jáde. Ojú yẹn ló rẹwà, nítorí náà àwọn mìíràn á kọ gbogbo rẹ̀ síta láìbìkítà ibi tó ń fẹ́ sí. Ẹ gbé tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ síwájú rẹ̀: bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń fà.

Ẹ fara balẹ̀ sí waya iná, èyí tó yàtọ̀ sí waya mọ́tò. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tó ní ojú mẹ́rin ń lo 12 volt, àwọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀ á sì tàn lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ní ojú mẹ́ta, tí gílóòbù kọ̀ọ̀kan lè tan àwọ̀ tirẹ̀, 5 volt ló ń lò. Ẹni tó bá fipá ki oní-5 bọ inú oní-12 ti jó o nìyẹn. Àwọn kan tó rọ̀ jù lọ́jà, tààrà láti inú power pack ni wọ́n ti ń gba iná. Tagbára tagbára ni wọ́n á máa sáré tọ̀sán tòru, pẹ̀lú ariwo.

Ohun tí èmi tún rí ni pé mọ́tò lè kú kí iná ṣì máa tàn yòò. Ẹni tó bá ń fi iná mọ̀ pé fáànù ń ṣiṣẹ́ kò ní tètè mọ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ fi wò ó, tàbí kí ẹ wo apá rẹ̀ bóyá ó ń yí.

Ọyẹ́ tún wà níbẹ̀, pẹ̀lú eruku Sàhárà tó ń gbé bọ̀ láti apá Chad. Nítorí rẹ̀ ni fáànù tó ń fà wọlé fi pọ̀ ju èyí tó ń lé jáde: atẹ́gùn inú á máa gba gbogbo ihò kéékèèké jáde, dípò kí àwọn ihò náà máa fa eruku. Àwọ̀n ẹ̀fọn tí a gé, tí a nà bo iwájú, ń dí atẹ́gùn díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba díẹ̀ nínú eruku sílẹ̀. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ẹ̀rọ fẹ́ eruku ara fáànù dànù, ẹ fi ìka dì í mú kó má bàa yí.

Àwọ̀ ewé ló ní kó máa tàn. Ó ti tún ń bi mí báyìí nípa ọ̀kan sí i lókè, oníná ni dandan. Mo ní kí ọyẹ́ lọ ná.