Kì í Ṣe Ará Ilé, Táńkì Omi Ni!

Ẹni tó bá gba Ìdó kọjá sí Ìfàkì, Ọ̀yẹ́, Ìlúpéjú títí dé Ìkọ̀lé á rí táńkì dúdú lórí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó nilé wà l'Ékòó àbí Ìbàdàn. Ó dọdún kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Dáàmù wà ní Ìkun, ó wà ní Ìtapájì, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ ò dé gbogbo ojúlé. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ni Kérésì ń bọ́ sí.

Ẹ̀yin ìyá mi, omi tó ti wà nínú táńkì láti Àjíǹde, ṣé òun lẹ fẹ́ fi po gàrí fọ́mọ? Ẹrẹ̀ ti sílẹ̀, aláǹgbá lè ti kú sí i. Tí ìgbẹ́ gbuuru bá wá mú ọmọ, wọ́n á ní ará ilé ló ṣe é!

Tẹ́ ẹ bá ń padà lọ, ẹ tú omi dànù, ẹ dé táńkì pinpin. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án. Ẹ pọn omi mímọ́ sí i, ẹ da Hypo tí kò lóòórùn dídùn sí i, ṣíbí tíì 6 sí lítà 25. Ẹ ṣí ẹ̀rọ díẹ̀ kó dé inú páìpù, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Lówùúrọ̀, ẹ fi omi náà fọ àgbàlá, kẹ́ ẹ ṣan táńkì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn ìfọ-ṣalángá o, èéfín rẹ̀ ń pààyàn.

Ẹ̀yin púlọ́ḿbà, ẹ jọ̀ọ́, ìsàlẹ̀ pátápátá ni kẹ́ ẹ fi ihò ìtúmi sí, kí ẹrẹ̀ lè bá omi jáde.