Ìràwọ̀ Wà ní Fádèyí

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ gbójú sókè ní Fádèyí lálẹ́. Kí lẹ rí? Iná mọ́tò Ìkòròdú Road ò sinmi, jẹnẹrétọ̀ ń ké, ojú ọ̀run sì pọ́n bí epo. Abájọ tí ìyá àgbà mi, tó wá láti oko, fi ń tẹnu mọ́ ọn pé Èkó ò ní ìràwọ̀, pé ibi tí kò bá sí ìràwọ̀ kì í ṣe ilé. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára. Fádèyí ni wọ́n bí mi sí o!

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ní sùúrù ju ojú lọ. Ó máa ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀. Lóṣù Kejìlá ọdún 2022, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo gbé èyí tí mo yá lọ sórí dẹ́kìn ilé wa, mo fi ẹsẹ̀ mẹ́ta gbé e dúró, mo kọjú ẹ̀ sí ìlà oòrùn. Tí mo bá ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, iná Èkó á sọ gbogbo ẹ̀ di funfun. Nítorí náà, ìṣẹ́jú àáyá 15 ni mo ń fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan, títí ó fi pé 240. Kọ̀ǹpútà ló wá so wọ́n pọ̀.

"Kí lò ń ṣọ́ níbẹ̀ yẹn?" Bàbá onílé ló pariwo.

"Ìràwọ̀ ni, sà."

Wọ́n kàn mirí ni.

Ayé tó ń yí ló ń sọ ìràwọ̀ di ìlà. Ní wákàtí kan, ó ń yí ní dìgíríì 15, àyè tó gba òṣùpá 30 tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú fọ́tò àwọn òyìnbó, ìlà náà máa ń yípo bí àwo, torí ní London, ìràwọ̀ àríwá tí ìyókù ń yí ká ga ju ìdajì ọ̀nà àtàrí lọ. Lọ́dọ̀ wa, kò ju nǹkan bíi dìgíríì 6 àti ààbọ̀ lọ. Ẹ̀yìn òrùlé ló sá sí. Tiwa ń gòkè tààrà bí ẹni ń gun ọ̀pẹ.

Mo tẹ fọ́tò náà ní Ṣómólú. Ìyá àgbà fi ìka tọ ìlà mẹ́ta tó sún mọ́ra, ìràwọ̀ mẹ́ta Ìgbànú Orion. "Àwọn yìí tẹ̀ lé mi wá?" Wọ́n ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Bí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́ òní, kí ẹ tó bú ẹnikẹ́ni, ẹ jáde síta ná.