Irin Inú Àpáta Pupa

Àdá kan tí òjò pa sí ẹ̀yìnkùlé ni mo rí láàárọ̀ yìí, ó ti dógùn-ún, ó pupa yòò,

ọkàn mi sì lọ sí àfonífojì Zion ní ìpínlẹ̀ Utah, nílẹ̀ Amẹ́ríkà,
níbi tí ògiri àpáta pupa ti ga tó nǹkan bí 600 mítà lókè odò Virgin, odò tí àgbàlagbà lè fẹsẹ̀ là kọjá nígbà tí omi bá fà.

Irin kan náà ni, ẹ̀yin ará.
Irin Ògún lákáayé ló lẹ̀ mọ́ hóró yanrìn wọ̀nyẹn tí wọ́n fi pọ́n.

Kí àpáta yìí tó di àpáta, òkìtì yanrìn ni, tí afẹ́fẹ́ ń gbá jọ nínú aṣálẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 190 mílíọ̀nù sẹ́yìn, tí ọ̀kan ń bo èkejì mọ́lẹ̀, tí omi abẹ́ ilẹ̀ sì ń so wọ́n pọ̀ títí wọ́n fi le koko;
ìlà dídagun tí afẹ́fẹ́ fà sí wọn lára kò sì tíì parẹ́.

Lókè téńté, ògiri náà funfun, nítorí omi ti fọ irin ibẹ̀ lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ gbéra sókè, omi àbùmu, omi àbùwẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ àpáta.
Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà!
Ó ṣì ń gbẹ́ ẹ lọ́wọ́, pàápàá nígbà tí àgbàrá bá dé lójijì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fojú rí àpáta pupa, báwo ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń rí lẹ́yìn òjò?